Èènì Adájọ́

Nígbà tí orúnkún mi ṣì jẹ́ tèmi, tí mo lè ru omi láti odò délé láìfọwọ́ kan ìkòkò… Ẹ gbọ́, ṣé fóònù yẹn ń gbà á? Iná pupa yẹn ló ń fi hàn pé ó ń gbà á? Ó dáa. Ẹ gbé e sún mọ́ mi. Ohùn mi kò ròkè bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ràṣídátù, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù lè máa gbọ́, ṣùgbọ́n torí tìrẹ ni mo ṣe ní kí wọ́n pe gbogbo yín jọ. Wọ́n ní o ti di majísíréètì. Wọ́n ní láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni wàá máa jókòó sókè, táwọn èèyàn á máa dìde fún ọ bí o bá wọlé. Ọmọ ọmọ tèmi! Inú mi dùn, àlìhámúdùlíláì. Mi ò lè purọ́, inú mi dùn débi pé mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta gààrí, mo sọ ọ́ fún ẹni tó wá tún páìpù ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ kí o tó jókòó sórí àga yẹn. Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni! Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín? Wọ́n pè mí lẹ́jọ́, mo dúró níwájú adájọ́, mo sì jẹ̀bi.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ ni. Ayé òyìnbó ni, òmìnira kò tíì dé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu pé ó ń bọ̀. Ọmọ Ìlobù ni mí, ẹ mọ̀. Ìfọ́n ni mo fẹ́ ọkọ sí. Lónìí, bí ẹ bá gbọ́ Ìlobù àti Ìfọ́n, ohun tó ń wá sí yín lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ìjà, kónílé-ó-gbélé… Ẹ jẹ́ n fo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà nígbà tiwa náà o, àwọn baba wa a máa jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n à ń fẹ́ra wa. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé bí ìyá kan bá pe ọmọ rẹ̀ ní Ìlobù, ọmọ Ìfọ́n lè dáhùn. Bàbá àgbà yín, Làsísì, ọ̀nà oko ni mo ti pàdé rẹ̀. Ó ń kọ ẹyìn lórí ọ̀pẹ, mo ń kọjá lọ nísàlẹ̀. Ó ní kí n ṣọ́ra kí ẹyìn má já lé mi lórí. Mo ní kí òun náà ṣọ́ra kí òun má já lé mi lórí. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà tibẹ̀ wá.

Ní àdúgbò ọkọ mi, ẹbu epo kan wà. Ẹ ò mọ ẹbu, ẹ́ńjìnnì lẹ mọ̀. Lóde òní, ẹ́ńjìnnì á kígbe díẹ̀, epo á dà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó parí. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ wa ni ẹ́ńjìnnì. Kòtò fífẹ̀ kan ni, wọ́n fi òkúta tẹ́ inú rẹ̀. A ó se ẹyìn títí yóò fi rọ̀, a ó dà á síbẹ̀, àwa obìnrin á wọ inú rẹ̀, a ó di igi mú kí a má baà ṣubú, a ó wá máa tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti kúnná, a ó da omi sí i, a ó rò ó pọ̀, epo á sì léfòó. Ó ń pọ́n, ó ń dán! Orin la fi ń tẹ̀ ẹ́, orin àti òfófó. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìfọ́n, inú ẹbu la ti ń gbọ́ ọ.

Ìyá arúgbó kan ni olórí ibẹ̀, Ìyá Ẹbu là ń pè é. Ó kéré lára bí ọmọdé, ṣùgbọ́n bó bá ti wúkọ́ báyìí, gbogbo wa á dákẹ́. Òun ló ń sọ ẹni tó máa tẹ̀ lónìí àti ẹni tó máa tẹ̀ lọ́la, òun ló ń sọ ẹni tó máa fọ òkúta. Ọkùnrin kì í dá sí i. Baálé kì í dá sí i. Ta ló fẹ́ bá obìnrin tó fẹsẹ̀ wá epo ọbẹ̀ fún un jiyàn?

Àṣà kan wá wà níbẹ̀ tí mi ò rí níbòmíràn, wọn ò ní in ní Ìlobù pàápàá. Bí epo bá ti léfòó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àfi ìyàwó tó wọ àdúgbò gbẹ̀yìn. Ìyàwó tuntun ló máa bu igbá àkọ́kọ́, kí àwọn tó kù tó bù. Mo bi Ìyá Ẹbu léèrè pé kí ló dé. Ó ní, "Nítorí pé òun ló ṣì ń ṣe bí àlejò láàrin wa. Bó bá ti bu epo fún gbogbo wa, kò lè sọ pé àlejò lòun mọ́, àwa náà ò sì lè pè é bẹ́ẹ̀." Ẹ ò rí nǹkan! Nígbà tí mo dé, èmi ni ìyàwó tuntun. Èmi ọmọ Ìlobù. Mo máa bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á dúró sójú kan, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi. Inú mi a dùn! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bù ú ni mo mọ̀ pé mo ti wọlé ọkọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé mi dé.

Àmọ́ bí inú mi ṣe ń dùn ni inú Àyọ̀ká ń bàjẹ́. Àyọ̀ká ni ìyàwó ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ọmọ Ìfọ́n ni, ọmọ ilé olórìṣà. Òun ni ìyàwó tuntun kí n tó dé. Mo dé, mo gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rí mi, á wò mí bí ẹni pé mo jókòó sórí aṣọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a ń tẹ ẹyìn, ẹsẹ̀ Àyọ̀ká yọ̀. Ó fìdí jókòó gbàgà sínú ẹbu, epo bò ó dé ọrùn, ojú rẹ̀ nìkan ló ń ṣẹ́… Há! Mo bú sẹ́rìn-ín. Mi ò lè ṣe é. Ẹ wò mí, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi igbá rẹ̀ bu ìfófòó, ó dà á sí mi lára, sára ìró tí ìyá mi fi sin mí wá sílé ọkọ. Ẹ̀rín bá dá lẹ́nu mi. Mo dì mọ́ igbá ọwọ́ rẹ̀, ó fà á, mo fà á, igbá bọ́ lu òkúta, ó là sí méjì.

Igbá fífín ni, wọ́n ya ẹyẹ sí i lára. Ìyá rẹ̀ ló fún un, ìyá náà sì ti kú. Àyọ̀ká kò bá mi jà mọ́. Ó ṣa awẹ́ méjèèjì, ó lọ sílé. Ìyẹn ló dùn mí, ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Lọ́jọ́ kejì, akódà kóòtù wọ ilé wa, ó ní Àyọ̀ká ti pè mí lẹ́jọ́.

Kóòtù ìbílẹ̀ kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà nígbà náà. Ẹ má wá a, kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti kọ́ ibi tí wọ́n ń fọ mọ́tò síbẹ̀. Adájọ́ ibẹ̀… mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń kí mi, wọ́n ń bá mi pín ẹran iléyá. Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kì í ṣe èèyàn burúkú. Kì í gba rìbá. Ẹjọ́ tí wọ́n bá gbé wá, ó mọ̀ ọ́n dá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bó bá ti dá a tán, kò mọ̀ ọ́n dákẹ́. Agogo kékeré kan wà níwájú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá a lẹ́nu dúró, á lù ú. Wọ́n gbé ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́ lọ bá a rí. Ó dá ẹjọ́ ewúrẹ́ dáadáa, ó wá fi kún un pé kí oní-ewúrẹ́ yé fi fìlà gẹ̀ sápá òsì. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan jà nítorí ọkọ́, ó parí ìjà ọkọ́, ó tún bá wọn sọ ọmọ tí ìyàwó àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lórúkọ. Àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá délé. Kò tíì kan ẹnì kankan lójú egbò ni.

Ọjọ́ ẹjọ́ wa, kóòtù kún. Àyọ̀ká ro tirẹ̀, mo ro tèmi. Adájọ́ ní kí wọ́n fi igbá han òun, ó fi awẹ́ kan mọ́ èkejì, ó mi orí. Ó ní, "Àwáwù, o jẹ̀bi. Wá igbá fífín mìíràn fún un, kí o sì kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́." Ó dá a dáadáa, àbí kò dá a dáadáa? Mo kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Àyọ̀ká, má bínú. Igbá ìyá rẹ, mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Ó ní òun ti gbọ́. Gbogbo wa dìde, a fẹ́ máa lọ.

Adájọ́ ní, "Ẹ jókòó. Mi ò tíì dákẹ́."

Ó ní, "Mo ti wò ó, kì í ṣe ìjà igbá lèyí. Ìjà Ìlobù pẹ̀lú Ìfọ́n ni. Kí irú rẹ̀ má baà wáyé mọ́, láti òní lọ, ìyàwó tó bá ti Ìlobù wá kò gbọ́dọ̀ wọ ẹbu Ìfọ́n. Kí ó máa lọ tẹ ẹyìn tirẹ̀ ní ẹbu ilé bàbá rẹ̀."

Àgbà ọkùnrin kan tó máa ń jókòó tì í ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀. Adájọ́ lu agogo. Mo wo Àyọ̀ká. Mo rò pé inú rẹ̀ á máa dùn. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo adájọ́.

Ẹ jẹ́ n sinmi díẹ̀… Ẹ bu omi fún mi. Ṣé ohun tó ṣe mí yé yín? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo. Mo lè ra epo lọ́jà. Wọ́n sọ fún mi lójú gbogbo ayé pé àlejò ni mí, pé bí mo bá bí ọmọ mẹ́wàá ní Ìfọ́n, àlejò ni mí. Mo sunkún dé ilé. Ọ̀rọ̀ náà sì ti dé Ìlobù kí n tó délé, ìlú tó sún mọ́ra bẹ́ẹ̀! Bàbá mi ránṣẹ́. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni bàbá mi, kì í pariwo. Ó ní kí wọ́n sọ fún Làsísì pé, "Ibi tí gbogbo obìnrin àdúgbò ń péjọ sí, tí wọn ò jẹ́ kí ọmọ mi dé, wọn ò kà á sí ìyàwó níbẹ̀. Bí mo bá kírun Jímọ̀ọ̀ tán, mò ń bọ̀ wá mú ọmọ mi." Bó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ọ́ nìyẹn.

Làsísì ò lè jẹun. Ó lọ sí Òṣogbo, ó ra igbá tuntun wá, èyí tó dára jù lọ́jà, ó gbé e fún Àyọ̀ká. Ó lọ bẹ adájọ́, adájọ́ ní òun kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà wálé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bí bàbá ẹ bá mú ẹ lọ, màá ká ẹní mi tẹ̀ lé ẹ. Kí wọ́n wá dá mi lẹ́jọ́ ní Ìlobù." Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbẹ̀ kí fóònù gbà á. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní ẹbu? Ọjọ́ tó ṣáájú Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n tẹ ẹyìn. Èmi ò sí níbẹ̀, ìdí ògiri ilé wa ni mo wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ò jìnnà, mo ń gbọ́ ohùn wọn. Àwọn kan ti sọ pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ìyá Ẹbu ní, "Ajẹ́lẹ̀ ti tẹ ẹyìn rí? Ẹ fi í sílẹ̀. Adájọ́ ti sọ̀rọ̀, a ò ní tàpá sí i. Ẹ wọ inú ẹbu." Wọ́n wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n da omi sí i. Epo léfòó, ó bo ojú omi. Gbogbo wọn dúró. Wọ́n ń wo epo, epo ń wò wọ́n.

Ìyá Ẹbu ní kí wọ́n pe akódà wá. Ó ní, "Lọ sọ fún Baba pé a ti ṣe bó ṣe ní ká ṣe. Ìyàwó tuntun kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun ló ń bu epo, ẹni tó bá sì ti gbé igbá sílẹ̀ kì í gbà á padà. Kóòtù ló mú tiwa lọ, kí kóòtù fún wa ní òmíràn."

Akódà lọ, akódà bọ̀. "Baba ní kí ẹnikẹ́ni bù ú."

"Ẹnikẹ́ni kì í ṣe orúkọ. Ọmọ ta ni?"

Akódà tún lọ, ó tún bọ̀, òógùn bò ó. "Baba ní ó dáa, kí ìyàwó òun bù ú."

Ẹ gbọ́, ìyàwó adájọ́ wà nínú ẹbu lọ́wọ́ o! Ẹyìn tirẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó ní, "Èmi? Èmi ìyá arúgbó ni wọ́n fẹ́ sọ di ìyàwó tuntun?" Làwọn obìnrin bá kó sí orin. Ẹ mọ bí obìnrin ṣe ń ṣe bó bá rí ẹni yẹ̀yẹ́:

*Adájọ́ á gbéyàwó o,*
*Epo ò dénú ọbẹ̀,*
*Adájọ́ á gbéyàwó tuntun!*

Mo gbọ́ ọ láti ìdí ògiri, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó adájọ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. "Ìyàwó tuntun wo? Sínú ilé mi?" Ó jáde nínú ẹbu, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa dé orúnkún, ó gba ilé lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀… kí ni mò ń wí, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀. Adájọ́ ṣí abọ́. Ọbẹ̀ funfun báláú, kò sí ẹ̀kán epo kan níbẹ̀. Ó ní, "Epo dà?" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó wà ní kóòtù, Baba."

Ìyàwó yẹn fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà, ó ń fi ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín.

Ilẹ̀ mọ́, ó di Jímọ̀ọ̀. Mo ń di ẹrù mi. Àwọn aṣọ mi, abọ́ mi, ìró tí epo ti bà jẹ́. Ẹnìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo gbójú sókè, Àyọ̀ká ni, igbá tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ní, "O ti rí ohun tí o ń wá."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Wé gèlè rẹ, ká lọ."

"Síbo?"

"Ṣé o fẹ́ tẹ̀ lé mi ni àbí o fẹ́ máa bi mí léèrè?"

Mo tẹ̀ lé e. Ó ń lọ níwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn èèyàn ń wò wá, wọ́n rò pé a tún fẹ́ lọ jà. Kóòtù máa ń jókòó láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀ kí wọ́n tó lọ kírun. A wọlé, Àyọ̀ká kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀.

Adájọ́ ní, "Ẹ̀yin tún ni? Kí lẹ tún bà jẹ́?"

Àyọ̀ká ní, "A ò ba nǹkan kan jẹ́, Baba. Mo wá dá nǹkan padà ni."

Ó gbé igbá síwájú adájọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ mọ èènì? Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gbogbo nǹkan nínú ọ̀rá tí wọ́n ti lẹ̀ pa! Bí o bá ra gààrí lọ́jà, tí wọ́n wọ̀n ọ́n tán, ọlọ́jà á bu díẹ̀ lé e lórí. Èènì nìyẹn. Èèyàn ló ń bèèrè rẹ̀, ọlọ́jà ló ń yọ̀ǹda rẹ̀, láti inú igbá tirẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí Àyọ̀ká wí.

Ó ní, "Igbá ìyá mi ni mo torí ẹ̀ wá síbí, Baba. Ẹ dá a fún mi, igbá rèé. Ẹ ní kó bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí, gbogbo èèyàn rí i. Ohun tí mo wá rà lọ́wọ́ yín, ẹ ti wọ̀n ọ́n fún mi, ó pé, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ fi èènì lé e. Ẹ bu ilé ọkọ obìnrin yìí, ẹ fi ṣe èènì fún mi. Mi ò bèèrè èènì. Kì í sì í ṣe inú igbá yín lẹ ti bù ú. Mo gbé e délé, mi ò rí ibi gbé e sí. Ẹ gbà á padà."

Àkọ̀wé kóòtù ní kóòtù kì í gba ìdájọ́ padà. Adájọ́ nawọ́ sí agogo, gbogbo wa rò pé ó fẹ́ lù ú. Kò lù ú. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó wo àgbà tó jókòó tì í. Ó ní, "Ọjọ́ yẹn, ta ló gbé ọ̀rọ̀ ẹbu wá síwájú wa?"

Àgbà yẹn ní, "Kò sẹ́ni tó gbé e wá, Baba. Igbá ni wọ́n gbé wá. Mo fẹ́ sọ ọ́, ẹ lu agogo."

Adájọ́ ti agogo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní, "Alẹ́ àná, ọbẹ̀ funfun ni mo fi jẹun." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín, akódà gan-an ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹjọ́ igbá ló tán. Èyí tí mo fi lé e, mo ti bù ú kúrò." Ó wá wo Àyọ̀ká, ó ní, "Gbé igbá rẹ, ìyàwó. O ṣeun." Ẹ mọ bó ṣe ṣòro tó fún ọkùnrin ńlá láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Ṣé lónìí gan-an wọ́n ń sọ ọ́? Ìdí tí mo ṣe ń ṣàdúrà fún un nìyẹn.

Ó yẹ kó parí síbẹ̀, àbí? Kò parí o. Bí wọ́n ṣe kírun tán, adájọ́ gbé agbádá funfun wọ̀, ó wá sí ẹbu fúnra rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i pé òun ti tún un ṣe. Àwa obìnrin ti péjọ. Làsísì dúró lókèèrè. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, mo rí bàbá mi tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìlobù, ó fi agboòrùn ti ilẹ̀, ó dúró sábẹ́ igi. Ó ń wò wá.

Adájọ́ na ọwọ́ sí mi. Ó ní, "Ó yá, ìyàwó. Mo ní kí o bu epo."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹbu wúkọ́.

Ó ní, "Dúró níbẹ̀." Mo dúró. Ó yíjú sí adájọ́, ó kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó ní, "Baba, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àánú wa. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ní kó bù ú."

Adájọ́ ní, "Àbí kí lẹ fẹ́? Mo ní kó má bù ú, ẹ bínú. Mo ní kó bù ú, ẹ tún ń bínú?"

Ó ní, "A ò bínú, Baba. Nígbà tí ẹ ní kó má bù ú, ọ̀rọ̀ yín kọ́. Èyí tí ẹ ní kó bù ú náà, ọ̀rọ̀ yín kọ́, ọ̀rọ̀ ẹbu ni. Ẹ dákun, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, epo á ta sí yín lágbádá."

Adájọ́ wo agbádá rẹ̀. Ó sún sẹ́yìn.

Ìyá Ẹbu ní, "Àwáwù, bu epo."

Mo wá igbá kiri, mi ò rí, tèmi ti wà nínú ẹrù tí mo dì. Ẹnìkan na igbá sí mi láti ẹ̀gbẹ́. Igbá tuntun, ẹyẹ wà lára rẹ̀, omi ò tíì kàn án rí. Àyọ̀ká ni. Mo gbà á, mo tì í bọ epo, mo gbé e sókè, gbogbo wọn hó yèè! Mo wo abẹ́ igi. Bàbá mi ti jókòó. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu. Bí bàbá mi bá ti bèèrè omi nílé èèyàn, ó ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Epo náà ti kan díẹ̀, ó ti pẹ́ jù lójú omi. Gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, adájọ́ náà jẹ ẹ́, bàbá mi gbé ìkòkò kan lọ sí Ìlobù. Mi ò jẹ epo tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èmi àti Àyọ̀ká? Ẹ fi wá sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó tuntun mìíràn wọ àdúgbò, tí wọ́n gba igbá lọ́wọ́ mi, èmi náà fajú ro, Àyọ̀ká fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìrọ̀lẹ́. Òun ló gbẹ̀bí bàbá rẹ, Ràṣídátù. Nígbà tí ìlú méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, tí ọ̀nà dí, Àyọ̀ká sùn sí iyàrá mi. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ lé àlejò kọ́kọ́ wá lé òun.

Ó ti lọ báyìí. Gbogbo wọn ti lọ, Ìyá Ẹbu, adájọ́, Làsísì mi. Mo máa ń gbọ́ rédíò. Wọ́n á ní adájọ́ kan ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í, adájọ́ mìíràn á ní èyí tí ẹlẹ́gbẹ́ òun sọ kò dúró. Mo máa ń mi orí. Èènì ti pọ̀ ju gààrí lọ. Bí Àyọ̀ká bá wà níbẹ̀, ṣé kò ní bá wọn dá a padà?

Ràṣídátù, dìde. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ohun tí mo fi ìró wé. Rọra o… Tú u. Igbá náà nìyẹn. Àwọn ọmọ Àyọ̀ká ló gbé e wá lẹ́yìn tó kú, wọ́n ní ó ní èmi ni kí wọ́n fún. Ẹyẹ rẹ̀ ti ń pa rẹ́, àmọ́ kò tíì là. Tìrẹ ni. Gbé e síbi tí o ti ń jókòó dájọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo fẹ́ bù sínú rẹ̀, má dá wọn lóhùn.

Wo inú rẹ̀ dáadáa. Mi ò bu nǹkan kan sí i fún ọ.